Ẹ̀gbọ́n Lọ IT, Àbúrò Dákẹ́: Àkọsílẹ̀ Ìṣẹ̀lẹ̀ Kan Nínú Ètò Ìtọ́nisọ́nà Akẹ́kọ̀ọ́ ní Yábàá

Ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì kan ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan lágbègbè Yábàá, ní Èkó, ni ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀. A yọ orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ náà, ti ẹ̀ka náà àti ti gbogbo ẹni tọ́rọ̀ kàn kúrò, kí ẹnikẹ́ni má baà dá wọn mọ̀. Sẹ̀mẹ́sítà kan péré ló gbà, ìyẹn ọ̀sẹ̀ 15. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin ọdún kìíní kan pàdánù kọ́ọ̀sì kan, bẹ́ẹ̀ ó ní ẹ̀gbọ́n atọ́nà tí wọ́n yàn fún un, ó ní nọ́ńbà rẹ̀ lórí fóònù, inú gúrúùpù WhatsApp kan náà ni àwọn méjèèjì sì wà. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń dá irú ètò yìí sílẹ̀ ló gbà pé bí wọ́n bá ti pín ẹ̀gbọ́n fún àbúrò, iṣẹ́ ti bùṣe. Ohun tó ṣẹlẹ̀ síbí fi hàn pé ìgbà yẹn gan-an niṣẹ́ ń bẹ̀rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe tò ó

Ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka náà ló dá ètò náà sílẹ̀, olùkọ́ kan ń wò wọ́n lẹ́yìn, akẹ́kọ̀ọ́ 400 level kan sì ni alámòójútó. Ẹ̀gbọ́n atọ́nà kan ní àbúrò mẹ́rin. 300 level ni wọ́n ti mú àwọn ẹ̀gbọ́n, òfin sì ni pé ẹni tó bá ti ní kárí-ófà rí (kọ́ọ̀sì tó kù síni lọ́rùn, téèyàn gbọ́dọ̀ padà ṣe) kò lè ṣe é, àfi kí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fi pamọ́. Wákàtí méjì ni wọ́n fi kọ́ wọn níṣẹ́, ní ọjọ́ Sátidé kan. Lẹ́yìn náà wọ́n lẹ orúkọ mọ́ pátákó, wọ́n ṣí gúrúùpù fún ìdílé kọ̀ọ̀kan (ìdílé ni wọ́n ń pe ẹ̀gbọ́n kan àti àwọn àbúrò rẹ̀), wọ́n sì fi ìpàdé sí aago mẹ́rin ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, ogójì ìṣẹ́jú. Lókè ìwé ìléwọ́ tí wọ́n pín fún àwọn jàǹbáìtì, ìyẹn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní, wọ́n fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́ pé: Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Nọ́ńbà ẹ̀gbọ́n wà lábẹ́ rẹ̀.

Òótọ́ ni òwe yẹn, ṣùgbọ́n kò yẹ kó jẹ́ òfin ètò ìtọ́nisọ́nà. Ọmọ tí wọ́n ti kọ́ láti kékeré pé a kì í da àgbà láàmú, tí kò tíì mọ ibi tí wọ́n ti ń gba bébà ní ọgbà, tó ń bẹ̀rù kí wọ́n má rí i bí ẹni tí kò gbọ́n, òun ni wọ́n ní kó máa pe ẹni tó jù ú lọ. Ọ̀dọ̀ ẹni tí agbára rẹ̀ kéré jù ni gbogbo ẹrù ìpè wà. Ibẹ̀ ni ètò náà ti kọ́kọ́ ṣe àṣìṣe, ká tó dé ọ̀rọ̀ IT, ìyẹn iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ń lọ kọ́ ní ilé-iṣẹ́.

Ọmọ ọdún 17 ni àbúrò tí à ń wí, Àgbádó ló ń gbé pẹ̀lú àwọn òbí rẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin Red Line, tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, ló ń wọ̀ láti Àgbádó dé Yábàá. Ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́rin ààbọ̀ á tú ká nígbà tí aago márùn-ún bá ti kọjá. Bí ọkọ̀ ojú irin tó kàn bá ti lọ, dànfó dé Òṣòdì, òmíràn dé Agége, òmíràn dé ilé ló kù, nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ìrọ̀lẹ́. Ó lọ sí ìpàdé méjì àkọ́kọ́. Ní ìkẹta, ìyá rẹ̀ ní kò gbọ́dọ̀ wọlé lálẹ́ mọ́. Nínú ìwé ètò, “kò wá” ni wọ́n kọ síwájú orúkọ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó béèrè ìdí.

Yúnìtì kan tó sọnù

Kọ́ọ̀sì mẹ́sàn-án ni àwọn ọdún kìíní ẹ̀ka náà ní láti forúkọ sílẹ̀ fún ní sẹ̀mẹ́sítà àkọ́kọ́. GST 111, BIO 101, CHM 101, PHY 101 àti MTH 101 jẹ́ yúnìtì méjì-méjì. COS 101 jẹ́ mẹ́ta. Kọ́ọ̀sì láàbù mẹ́ta, BIO 107, CHM 107 àti PHY 107, jẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 16. Lórí portal, ojúlé íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti ń forúkọ kọ́ọ̀sì sílẹ̀, kọ́ọ̀sì láàbù dá dúró. Bí èèyàn bá yan CHM 101, CHM 107 kò ní bá a wọlé. Àwọn tó ti pẹ́ nílé-ìwé mọ èyí débi pé wọn kì í rántí sọ ọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ọmọ náà lọ sí bísínẹ̀ẹ̀sì sẹ́ńtà kan lẹ́yìn géètì. Èrò pọ̀, íńtánẹ́ẹ̀tì ń wọ́, ẹni tó ń bá wọn tẹ̀ ẹ́ ń yára kí ẹlòmíràn lè jókòó. CHM 107 ò wọlé. Fọ́ọ̀mù tó jáde gbé 15 gẹ́gẹ́ bí àpapọ̀. Ọmọ náà kò mọ̀ pé 16 ló yẹ kó jẹ́, nítorí kò sí ẹni tó sọ iye náà fún un rí.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, lẹ́tà IT ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dé láti ilé-iṣẹ́ kan ní Àpápá. SIWES ni orúkọ ètò náà. ITF, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí kíkọ́ni níṣẹ́, ló dá a sílẹ̀ ní 1973 kí akẹ́kọ̀ọ́ lè fojú ara rẹ̀ rí bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́, ọ̀ranyàn sì ni fún ẹ̀ka rẹ̀. Ìwé àkọsílẹ̀ iṣẹ́ ojoojúmọ́ wà tó gbọ́dọ̀ máa kọ, ọ̀gá ibi iṣẹ́ á sì máa fọwọ́ sí i. Kò sẹ́ni tó lè ní kó má lọ. Ohun tó bà á jẹ́ ni pé kàlẹ́ńdà àwọn jàǹbáìtì àti ti àwọn ẹ̀gbọ́n wọn kì í bára mu. Ìgbaniwọlé máa ń pẹ́, ìyanṣẹ́lódì sì ti da kàlẹ́ńdà rú lọ́pọ̀ ìgbà (ti 2022 nìkan gba oṣù mẹ́jọ, láti oṣù kejì dé oṣù kẹwàá). Bí ọdún kìíní ṣe ń bẹ̀rẹ̀ sẹ̀mẹ́sítà àkọ́kọ́, 300 level ti wà ní ìkejì, ìyẹn sì ni sẹ̀mẹ́sítà tí ẹ̀ka náà ń fi ṣe IT. Gbogbo ẹ̀gbọ́n tí wọ́n yàn ló máa lọ kí sẹ̀mẹ́sítà àwọn àbúrò tó dé ìdajì. Kàlẹ́ńdà méjèèjì wà lára pátákó kan náà; ẹnì kan ò gbé wọn ka iwájú ara wọn.

Ẹ̀gbọ́n náà kọ sínú gúrúùpù pé: “Ẹ̀yin àbúrò mi, mo ti bẹ̀rẹ̀ IT o. Kò sí wàhálà, ẹ máa pe mí nígbàkígbà.” Kò sọ fún alámòójútó. Kò sí òfin tó ní kó sọ.

Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ọmọ náà ya fọ́ọ̀mù rẹ̀ ní fọ́tò, ó fi ránṣẹ́: “Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ má bínú pé mo ń dà yín láàmú. Ṣé fọ́ọ̀mù mi dáa báyìí?” Èsì dé ní alẹ́ ọjọ́ kejì, lẹ́yìn tí ẹ̀gbọ́n ti Àpápá dé: “Ó dáa gan-an, àbúrò mi. Ìwé ni kó o máa kà.” Fọ́tò náà ti gé ìsàlẹ̀ fọ́ọ̀mù, níbi tí àpapọ̀ yúnìtì wà. Ẹ̀gbọ́n rí CHM, ó rí BIO, ó rí PHY, ojú rẹ̀ sì bá a parí èyí tí kò sí níbẹ̀. Ní ìparí ọ̀sẹ̀ kẹfà, portal ti pa fún àfikún àti ìyọkúrò kọ́ọ̀sì.

Lójú tiwa, “ó dáa gan-an” yẹn ṣe ìpalára ju ìdákẹ́jẹ́ lọ. Ká ní ẹ̀gbọ́n ò dáhùn rárá ni, ó ṣeé ṣe kí ọmọ náà lọ bá olùdámọ̀ràn ipele rẹ̀, ìyẹn olùkọ́ tó ń bójú tó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti balẹ̀ kò ní lọ síbì kankan.

“Ẹ káàárọ̀, ẹ̀gbọ́n”

Ọ̀sẹ̀ karùn-ún sí ìkejìlá ni wọ́n ń ṣe láàbù, ìgbà mẹ́jọ fún kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, bébà lásán ni gbogbo ẹni tó wọlé ń kọ orúkọ sí. Ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ, òṣìṣẹ́ láàbù kẹ́mísírì mú ojúlówó ìwé orúkọ tí wọ́n tẹ̀ láti portal wá. Orúkọ ọmọ náà ò sí nínú rẹ̀. Wọ́n ní kó lọ rí ẹ̀ka rẹ̀. Ó di báàgì rẹ̀, ó lọ sílé.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni kò fi wọ láàbù kankan. Ohun tó sọ lẹ́yìn náà ni pé òun rò pé wọn ò ka òun mọ́ akẹ́kọ̀ọ́ mọ́, pé bí òun bá wọ láàbù físíìsì, wọ́n á tún lé òun níṣojú àwọn ẹgbẹ́ òun. Orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ digbí, nínú ti BIO 107 àti ti PHY 107. Kò sí ẹni tó máa sọ fún un.

Ní òwúrọ̀ mẹ́ta nínú ọ̀sẹ̀ méjì yẹn, ó ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tààrà, kò sí nínú gúrúùpù: “Ẹ káàárọ̀, ẹ̀gbọ́n.” Kò fi nǹkan kan kún un. Ẹ̀gbọ́n dáhùn lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: “Káàárọ̀, àbúrò mi, ṣé kò sí o?” Ọmọ dáhùn: “Kò sí, ẹ ṣé, ma.” Ẹni tó bá mọ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ nílẹ̀ wa á mọ̀ pé ẹni tí kì í kí ọ tẹ́lẹ̀, tó wá ń kí ọ láràárọ̀ láìní ọ̀rọ̀ míì lẹ́nu, ń kanlẹ̀kùn ni. Àti pé “ṣé kò sí?” kò ní èsì méjì lẹ́nu ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa. “Kò sí” ló máa sọ, bí ilé tilẹ̀ ń jó.

Irú ìbéèrè tó ń mú òótọ́ jáde ni èyí tí a kò lè fi “kò sí” dáhùn. Láàbù wo lo ṣe lọ́sẹ̀ yìí? Ìwé rẹ̀ dà, ṣé wọ́n ti fọwọ́ sí i? Yúnìtì mélòó ló wà nísàlẹ̀ fọ́ọ̀mù ẹ? Nínú wákàtí méjì tí wọ́n fi kọ́ àwọn ẹ̀gbọ́n, ìtàn ẹ̀ka àti ìwúrí ló gba èyí tó pọ̀ jù. Ìbéèrè bíbi kò sí níbẹ̀.

Ìwádìí kan tí Jean Grossman àti Jean Rhodes gbé jáde ní 2002 wúlò níbí. Àwọn ọ̀dọ́langba tí ètò kan ní Amẹ́ríkà yan àgbàlagbà fún ni wọ́n tẹ̀ lé. Àwọn tí ìbáṣepọ̀ wọn tó ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ ló jèrè jù. Àwọn tí tiwọn já kí oṣù mẹ́ta tó pé padà sẹ́yìn: ojú tí wọ́n fi ń wo ara wọn burú ju ti tẹ́lẹ̀. Òótọ́ ni pé wọn kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ Àgbádó yìí tẹ̀ lé ọ̀nà kan náà. Àwọn jàǹbáìtì míì wà tí wọn kò ní ẹ̀gbọ́n rárá, torí àwọn ẹ̀gbọ́n ò tó. Àwọn yẹn ń béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá rí.

Bí wọ́n ṣe tún un ṣe

Ọmọ ìdílé rẹ̀ kan, jàǹbáìtì bíi tirẹ̀, ló lọ bá alámòójútó ní ọjọ́ Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ kẹwàá pé òun ò rí i mọ́. Alámòójútó pè é lójú ẹsẹ̀, kò kọ̀wé sí i. Kò bú u, kò ní “kí ló dé tó ò sọ̀rọ̀?” Ó ní kó wá ní ọjọ́ Mọ́ńdè ní aago méjìlá ọ̀sán, nígbà tí kò ní kíláàsì, kó sì mú nǹkan márùn-ún dání: rìsíìtì owó ilé-ìwé, fọ́ọ̀mù kọ́ọ̀sì tí wọ́n tẹ̀, káàdì ìdánimọ̀, ìwé láàbù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àti tàìmùtébù. Wọ́n fi bírò ka yúnìtì lọ́kọ̀ọ̀kan lórí bébà. Nígbà tó di 15 tó sì tán, ọmọ náà rí i fúnra rẹ̀.

Ẹ̀yìn èyí ni wọ́n jọ lọ bá olùdámọ̀ràn ipele. Alámòójútó ti kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ sílẹ̀ pé kí wọ́n fi CHM 107 kún un bí portal tilẹ̀ ti pa, nítorí kì í ṣe ẹ̀bi ọmọ náà. Olùdámọ̀ràn kà á tán, ó ní òun ò ní fọwọ́ sí i, ó sì mú ẹ̀rọ ìṣirò. Ìgbà mẹ́ta ni ọmọ náà ti wọ láàbù kẹ́mísírì. Bí wọ́n bá gbà á padà fún méjì tó kù, á jẹ́ márùn-ún nínú mẹ́jọ, ìyẹn 62.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tí kò bá pé 75 kì í jókòó ìdánwò. Bí wọ́n bá fi kún un báyìí, F ló ń lọ gbà, F yẹn á sì wọ inú GPA rẹ̀, ìyẹn ìpíndọ́gba èsì rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ilé-ẹ̀kọ́ náà, kọ́ọ̀sì tí a kò forúkọ sílẹ̀ fún kì í wọ ìṣirò. Gbèsè ni, á ṣe é lọ́dún tó ń bọ̀ pẹ̀lú àwọn 100 level tuntun.

Ẹ̀kọ́ ńlá wà níbẹ̀ fún àwọn ẹ̀gbọ́n atọ́nà. Àánú ló gbé alámòójútó lọ kọ lẹ́tà, lẹ́tà yẹn ì bá sì ti pa ọmọ náà lára. Ẹ̀gbọ́n kò gbọ́dọ̀ pinnu ọ̀rọ̀ ìforúkọsílẹ̀ fún àbúrò láìdé ọ̀dọ̀ olùdámọ̀ràn ipele, bó ti wù kó mọ̀ ọ́n tó.

Ti BIO 107 àti PHY 107 yàtọ̀. Méjì ló pa jẹ nínú mẹ́jọ, ti ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án àti ìkẹwàá. Bó bá ṣe méjì tó kù, mẹ́fà nínú mẹ́jọ nìyẹn, 75 gééré. Ká ní wọ́n pè é lọ́sẹ̀ kan lẹ́yìn ìgbà yẹn ni, méjèèjì ti lọ.

Ẹ̀gbọ́n kejì wá láti inú àwọn tí wọ́n fi pamọ́. 400 level ni, ó ti ṣe IT tán, Ìjù ló ń gbé, ọkọ̀ ojú irin kan náà ló ń wọ̀. Ìdí tí wọn ò fi yàn án tẹ́lẹ̀ ni pé ó ti ní kárí-ófà PHY 101 rí, ó sì ti ṣe é yege. Òfin “kò gbọ́dọ̀ ní kárí-ófà” ti lé ẹni tó mọ ọ̀nà àbáyọ jùlọ sẹ́yìn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ṣubú rí lè kọ́ èèyàn ní bí a ṣe ń kàwé, ṣùgbọ́n kò mọ ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń béèrè ìwé, kò sì mọ bó ṣe ń rí lára láti jókòó pẹ̀lú àwọn tó kéré síni.

Wọn ò kàn fi nọ́ńbà tuntun rọ́pò ti àtijọ́. Ní ọjọ́ Sátidé, ẹ̀gbọ́n àkọ́kọ́ wá láti ilé, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó fún ogún ìṣẹ́jú. Ó sọ ohun tó mọ̀ nípa àbúrò náà níṣojú rẹ̀: pé ó máa ń jí ka ìwé ní ìdájí, pé ó bẹ̀rù MTH 101, pé ìyá rẹ̀ kì í fẹ́ kó pẹ́ níta. Ó ní fọ́ọ̀mù tí òun ní ó dáa yẹn, òun ò kà á dópin, kó má bínú. Kathy Kram, tó pín ìbáṣepọ̀ atọ́nà sí ìpele mẹ́rin ní 1983, ka ìyapa mọ́ ọ̀kan nínú wọn, ìyẹn ni pé ó ní àyè tirẹ̀ bí ìbẹ̀rẹ̀ ṣe ní. Ẹni tó lọ láìdágbére máa ń jẹ́ kí àbúrò rò pé ohun tí òun ṣe ló lé e lọ.

MTH 101 àti 20 tó di 80

Ìpàdé ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ di ọ̀sán Túsìdeè fún ìdílé yẹn. Ọ̀rọ̀ kéékèèké, wọ́n ń sọ ọ́ nínú ọkọ̀ ojú irin bí wọ́n bá pàdé. Fún MTH 101, wọ́n ya ọ̀nà kan lò tí Deanna Martin bẹ̀rẹ̀ ní yunifásítì Missouri–Kansas City ní 1973. Kọ́ọ̀sì tó le ni ọ̀nà náà ń wò, kì í wo ọmọ tí kò mọ̀wé: ẹnikẹ́ni tó ń ṣe kọ́ọ̀sì náà lè wá, nítorí náà ojú kì í ti ẹni tó bá wọlé. Aṣáájú kì í tún kíláàsì kọ́, kì í sì í báni yanjú ìbéèrè. Ìbéèrè ló máa ń bi wọ́n títí wọ́n á fi rí i.

Ní ọ̀kan nínú àwọn ìpàdé náà, ìbéèrè ọdún àtijọ́ kan ní kí wọ́n wá iye tó wà níwájú x³ bí wọ́n bá tú (1 + 2x)⁵. Ọmọ Àgbádó kọ 20 sí pátákó. Ẹ̀gbọ́n ò sọ pé ó kùnà. Ó ní, “Kí ló wà nínú brákẹ́ẹ̀tì tó o gbé sí agbára kẹta?” Ó ní x ni. “Wò ó dáadáa.” Ó wò ó, ó ní 2x ni. “Agbára kẹta 2x jẹ́ mélòó?” Ó kọ 8x³, ó fi 10 tó ti rí tẹ́lẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀, ó ní 80. Lẹ́yìn náà ló fúnra rẹ̀ ṣàlàyé fún ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé òun ti fi 2 sílẹ̀ lẹ́yìn, òun ò gbé e sí agbára kẹta. Ká ní ẹ̀gbọ́n ti kọ èsì náà fún wọn ni, ìṣẹ́jú méjì ló máa gbà. Wọ́n á dà á kọ, wọ́n á sì tún fi 2 sílẹ̀ nínú yàrá ìdánwò.

Nǹkan méjì míì ṣẹlẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n ní láti mọ ààlà rẹ̀. Àkọ́kọ́ ni owó ọkọ̀. Àbúrò ní owó tó kù lórí káàdì Cowry òun, èyí tí wọ́n fi ń san owó ọkọ̀ ojú irin, ò ní gbé òun dé òpin oṣù. Òfin ètò náà ni pé ẹ̀gbọ́n kì í yáni lówó, torí gbèsè ló máa ń kọ́kọ́ lé àbúrò sá fún ẹ̀gbọ́n. Dípò bẹ́ẹ̀, ó jókòó tì í, wọ́n jọ kún ìwé ìbéèrè NELFUND, àjọ ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ tí òfin 2024 gbé dìde: owó ilé-ìwé máa ń lọ tààrà sí ilé-ìwé, owó ìtọ́jú 20,000 náírà lóṣù sì ń wọ àpò akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n bá fọwọ́ sí tirẹ̀. Ẹ̀yáwó ni o, á dá a padà. Ẹ̀gbọ́n ní kó bá àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́ kó tó fi í ránṣẹ́.

Èkejì ni pé àbúrò sọ pé ní ọ̀sẹ̀ méjì tí òun fi sá fún láàbù, òun kì í sùn, oúnjẹ ò sì í lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ kì í ṣe dókítà. Ẹ̀gbọ́n béèrè tààrà bóyá ó ń wù ú láti pa ara rẹ̀ lára. Ó ní rárá. Síbẹ̀, ẹ̀gbọ́n mú un lọ sí ọ́fíìsì ìgbaninímọ̀ràn ilé-ìwé lọ́jọ́ yẹn gan-an, ó dúró síta títí ó fi jáde. Bó bá jẹ́ “bẹ́ẹ̀ ni” ni àbúrò dáhùn, wọn kì í fi ẹni náà sílẹ̀ lóun nìkan: ilé ìwòsàn ilé-ìwé ni kíákíá, tàbí LUTH, ilé ìwòsàn ńlá yunifásítì Èkó, ní Ìdí-Àràbà, níbi tí SURPIN tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìpara-ẹni wà. Nǹkan tí àbúrò bá sọ jẹ́ àṣírí, àfi èyí tó bá kan ẹ̀mí. Ìbẹ̀rẹ̀ ló yẹ kí wọ́n ti sọ èyí fún un, kó má baà dà bí ìdalẹ̀.

Ohun tí wọ́n yí padà

Ẹ̀gbọ́n ló ní ìpè báyìí. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kó tó di alẹ́ Àìkú, ó gbọ́dọ̀ gbọ́ ohùn àbúrò kọ̀ọ̀kan; ọ̀rọ̀ inú gúrúùpù kò kà. Bí ọjọ́ mẹ́wàá bá kọjá láìgbọ́ ohùn, alámòójútó á pe àbúrò fúnra rẹ̀. Wọ́n yọ òwe yẹn kúrò lára ìwé ìléwọ́, wọ́n fi iye yúnìtì sẹ̀mẹ́sítà kọ̀ọ̀kan síbẹ̀.

Ẹni tó bá ń lọ IT á sọ ní ọjọ́ mẹ́rìnlá ṣáájú, á sì fi àbúrò lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ lójúkojú. 400 level ni wọ́n ń kọ́kọ́ wá báyìí, nítorí wọ́n ti ṣe IT. Ẹni tó ní kárí-ófà tó sì ti yege rẹ̀ lè ṣe é. Nígbà tí wọ́n bá ń so ẹ̀gbọ́n pọ̀ mọ́ àbúrò, ọ̀nà ilé ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò: Ìkòròdú pẹ̀lú Ìkòròdú, Bàrígà pẹ̀lú Bàrígà, kí wọ́n tó wo ohun tí wọ́n jọ fẹ́ràn.

Fún fọ́ọ̀mù, wọ́n ní ọjọ́ kan ní ọ̀sẹ̀ kẹrin tí gbogbo ìdílé á jókòó sí yàrá kan pẹ̀lú fọ́ọ̀mù tí wọ́n ti tẹ̀. Fọ́tò kò gbà. Àbúrò á ka kódù kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan sókè, ẹ̀gbọ́n á fi ìlà sí i lára ìwé ẹ̀ka, wọ́n á ro àpapọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Èyí tí kò bá bára mu, ọ̀sẹ̀ méjì ṣì kù kí portal tó pa. Nínú gbogbo àtúnṣe, èyí ni kò náni lówó rárá, òun sì ni a rò pé ó máa gba èèyàn là jùlọ.

Èsì ọmọ náà jáde: B nínú GST 111 àti BIO 101, C nínú COS 101, MTH 101 àti BIO 107, D nínú CHM 101, PHY 101 àti PHY 107. Fún yúnìtì kọ̀ọ̀kan, B jẹ́ póíńtì 4, C jẹ́ 3, D jẹ́ 2. Póíńtì 44 lórí yúnìtì 15, GPA 2.93. Bí wọ́n bá ti fi tipátipá kún CHM 107 ni, 44 lórí 16 ni ì bá jẹ́, 2.75.

CHM 107 ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ní 200 level, òun ló máa kọ́kọ́ yàn lórí portal kó tó yan ohun mìíràn, kó má baà kọjá yúnìtì 24 tó jẹ́ òpin. Ẹ̀gbọ́n kejì ti sọ fún un pé kó lọ gba tàìmùtébù láàbù 100 level ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, nítorí ìgbà púpọ̀ ni ọjọ́ láàbù náà máa ń forí gbárí pẹ̀lú kíláàsì 200 level. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kó tètè bẹ òṣìṣẹ́ láàbù pé kí wọ́n gbé e sí ìsọ̀rí ọjọ́ mìíràn, kí wọ́n tó lẹ orúkọ àwọn ìsọ̀rí mọ́ ara ilẹ̀kùn.